Ọmọ Ọlọ́rọ̀ àti Ọmọ Tálákà Nínú Kíláàsì Kan



Nígbà tí olùkọ́ bá ṣí ìwé orúkọ ní òwúrọ̀, gbogbo ọmọ ni ó dọ́gba níbẹ̀. Bí ó ti ń pe orúkọ ọmọ oníṣòwò ńlá ni ó ń pe ti ọmọ alágbàṣe, àmì kan náà ni ó sì ń fi sí iwájú àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá pa ìwé náà dé, tí ẹ̀kọ́ sì bẹ̀rẹ̀, ìdọ́gba náà a máa parí síbẹ̀. Ọ̀kan ti jẹun kí ó tó wá, èkejì kò jẹ. Ọ̀kan ní ìwé kíkà tirẹ̀, èkejì ń na ọrùn wo ti ẹlòmíràn. Ọ̀kan ti ń gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì láti orí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, èkejì kò gbọ́ ọ rí àfi lẹ́nu olùkọ́.

A ti kọ́ bí a ṣe ń kọ ètò ẹ̀kọ́ sílẹ̀, bí a ṣe ń lo pátákó, bí a ṣe ń béèrè ìbéèrè, àti bí a ṣe ń mú kíláàsì dákẹ́. Ọ̀ràn tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò nísinsìnyí kì í sábà jáde nínú ìdánwò wa, bẹ́ẹ̀ ni ó sì lè ba gbogbo ìyókù jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Òun ni bí ọrọ̀ tàbí òṣì ilé ọmọ ti ń tẹ̀lé e wọ inú kíláàsì, tí ó ń jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì, tí ó sì ń yan ọ̀rẹ́ fún un. A ó kọ́kọ́ wo bí ọ̀ràn náà ti bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wa; lẹ́yìn náà, ibi tí a ti ń rí i; lẹ́yìn èyí, àwíjàre tí àwọn kan ń ṣe; ní ìkẹyìn, ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ olùkọ́ láti ṣe.

I. BÍ Ọ̀RÀN NÁÀ TI BẸ̀RẸ̀

Kì í ṣe àná ni ó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni David Hinderer àti aya rẹ̀ Anna wá gbé ní Ìbàdàn ní ọdún 1853, tí wọ́n sì dá ilé-ìwé sílẹ̀, ìjòyè Olúnlóyọ̀ fi ọmọ rẹ̀ méjì, Yéjídé àti Akínyẹlé, lé wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọlọ́lá ilẹ̀ wa ni ó ní irú ọkàn bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, wọn kò tètè fọkàn tán ìwé. Ọmọ ẹrú àti ọmọ ìwọ̀fà ni wọ́n ń yọ̀ǹda fún àwọn oníwàásù, wọn a sì pa àrólé mọ́ fún oko àti oyè. Nígbà náà, ilé-ìwé jẹ́ ibi tí ẹni tí kò ní ẹnìkan ń lọ.

Kò pẹ́ tí ojú ọjọ́ fi yí padà. Ìwé di ọ̀nà sí iṣẹ́ akọ̀wé, sí òwò, àti sí ipò lọ́dọ̀ ìjọba. Nígbà tí a ṣí CMS Grammar School ní Èkó ní ọjọ́ 6 oṣù June, ọdún 1859, akẹ́kọ̀ọ́ 6 péré ni ó wà níbẹ̀. Ọ̀gá wọn, Thomas Babington Macaulay, jẹ́ àna Alùfáà Samuel Àjàyí Crowther, ẹni tí a ti kó lẹ́rú ní ọdún 1821, tí ó sì wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay ní ọdún 1827. Ẹ kíyè sí i bí ìwé ti gbé ọmọ tí a kó lẹ́rú dé àárín àwọn ọlọ́lá láàrin ìran kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ìhà kejì pẹ̀lú: owó ni a fi ń wọ irú ilé-ìwé gíga bẹ́ẹ̀, nítorí náà ọmọ àwọn oníṣòwò àti ti àwọn Sàró tí wọ́n ti rí jẹ ni ó rọrùn fún jù láti wọ ibẹ̀. Àkàbà tí àwọn baba fi gun òkè di ohun tí ẹni tí kò ní owó kò lè fi ẹsẹ̀ lé.

Fún ọmọ tálákà, owó ilé-ìwé ni ìlẹ̀kùn. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí a bí ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ọdún 1909, pàdánù baba rẹ̀ ní ọdún 1920. Láti ìgbà náà ni ó ti ń fi iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ wá owó ìwé kiri, títí ó fi wọ Wesley College ní Ìbàdàn ní ọdún 1927 láti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń kọ́ ọ. Nígbà tí ó di olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ìjọba rẹ̀ sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní oṣù January, ọdún 1955. Iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1954 jẹ́ 456,600. Ní ọdún 1955 ó di 811,432. Ẹ jẹ́ kí a ro iye yìí dáadáa. Ọmọ tí ó lé ní 350,000 dé ilé-ìwé láàrin ọdún kan. Kì í ṣe pé orí wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ là ní ọdún náà. Owó ni ó ti dí wọn lọ́nà.

Lẹ́yìn náà, ní ọdún 1976, ìjọba àpapọ̀ sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ jákèjádò Nàìjíríà, òfin ọdún 2004 sì sọ ọ́ di ẹ̀tọ́ ọmọ láti kàwé ní ọ̀fẹ́ láti kíláàsì kìíní títí dé òpin ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní ilé-ìwé gíga. Ìlẹ̀kùn ti ṣí. Ṣùgbọ́n bí àwọn tálákà ti ń wọlé ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ní owó ń kó ọmọ wọn jáde lọ sí ilé-ìwé aládàáni, àní àwọn olùkọ́ ilé-ìwé ìjọba pàápàá. Síbẹ̀, kò sí kíláàsì kan, ìbáà ṣe ti ìjọba, ti ìjọ, tàbí ti aládàáni, tí gbogbo ọmọ inú rẹ̀ wá láti ilé kan náà. Níbi tí ọmọ 40 bá gbé jókòó, ilé 40 ni ó jókòó níbẹ̀.

II. IBI TÍ A TI Ń RÍ I

Èkínní, nínú ara àti nínú ikùn. Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ọmọ tí ebi ń pa kì í sábà sọ fún olùkọ́ pé ebi ń pa òun. Yóò sùn lórí tábìlì, tàbí kí ó máa wo ojú fèrèsé, tàbí kí ó máa bá ẹnìkejì rẹ̀ jà. Olùkọ́ yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀lẹ ni, tàbí aláìgbọràn. Nítorí èyí ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ṣe gbé ètò oúnjẹ fún àwọn ọmọ kíláàsì ìsàlẹ̀ kalẹ̀ ní ọdún 2012, tí ìjọba àpapọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọdún 2016. Àwọn tí ó gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ mọ̀ pé oúnjẹ wà lára ohun èlò ìkọ́ni, gẹ́gẹ́ bí ẹfun àti pátákó ti wà.

Bákan náà ni ọ̀ràn pípẹ́ lẹ́yìn. Ọmọ kan wà tí yóò ti pọn omi, tí yóò ti gbé ẹ̀kọ tàbí búrẹ́dì kiri àdúgbò, tí yóò ti wẹ àbúrò rẹ̀, kí aago méje tó lù. Ẹ̀yìn èyí ni yóò tó fi ẹsẹ̀ rìn wá sí ilé-ìwé. Ọmọ kejì sùn títí ilẹ̀ fi mọ́, ọkọ̀ baba rẹ̀ sì gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí agogo bá dún, èyí tí ó ti ṣe iṣẹ́ àgbà láti òwúrọ̀ ni a óò dá dúró ní ẹnu ọ̀nà, òun náà ni yóò jẹ ẹgba. Ìjìyà kan náà ni òfin wa kọ sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ. Síbẹ̀ ẹ̀yìn ọmọ kan náà ni ó ń bọ́ sí ní ojoojúmọ́.

Èkejì, nínú èdè. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa, ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì bá yọ̀ mọ́ lẹ́nu ni a ń pè ní ọlọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ọgbọ́n, ọ̀tọ̀ ni èdè tí a fi ń sọ ọ́. Ọmọ àgbẹ̀ tí ó mọ ìgbà tí ilẹ̀ yẹ fún ọ̀gbìn, tí ó lè ka iye ebè láìfi ìka kàn án, lè dákẹ́ bí odi nígbà tí a bá bi í léèrè ìṣirò ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ilé-ìwé St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́. Wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lára iṣẹ́. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ṣe dáadáa ju àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti ìdajì ọ̀nà, wọn kò sì gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì náà. Èyí fi hàn wá pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a ń pè ní olórí kíkú kò ní orí kíkú rárá. Ilé wọn ni kò ní èdè tí a fi ń wọn orí.

Ẹ̀kẹta, ní ojú olùkọ́. Ọ̀rọ̀ àwọn baba wa ni pé ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ọmọ tí aṣọ rẹ̀ funfun, tí bàtà rẹ̀ ń dán, tí ìyá rẹ̀ sì ń kí olùkọ́ dáadáa ní ìparí sáà, òun ni a máa ń gbé sí iwájú. Òun ni a ń pè nígbà tí alábẹ̀wò bá wọlé. Bí ó bá ṣì í, a ó ní, “Tún un rò wò.” Bí ọmọ tí aṣọ rẹ̀ ya bá ṣì í, a ó ní, “Jókòó,” a ó sì pe ẹlòmíràn. Kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ, ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń yípo, ìṣẹ́jú wọ̀nyí ń di òkìtì.

Ní Amẹ́ríkà, Robert Rosenthal àti Lenore Jacobson gbé ìwé ìwádìí kan jáde ní ọdún 1968 lórí ọ̀ràn yìí. Wọ́n dán àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan wò ní California, wọ́n sì sọ fún àwọn olùkọ́ pé nǹkan bí ọmọ kan nínú márùn-ún yóò tanná lójijì ní ọdún náà. Bẹ́ẹ̀ kẹ̀, ṣe ni wọ́n kàn ṣa orúkọ àwọn ọmọ náà láìwo ọgbọ́n wọn. Nígbà tí ọdún yípo, àwọn tí a dárúkọ ní kíláàsì kìíní àti ìkejì ti tẹ̀síwájú ju àwọn ìyókù lọ. Àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn ti bá wọn jiyàn lórí bí agbára náà ti pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ìwádìí náà fi lé wa lọ́wọ́ kò tíì kúrò nílẹ̀: bí ìrètí olùkọ́ bá lè gbé ọmọ sókè, kí ni àìnírètí rẹ̀ ń ṣe?

Ẹ̀kẹrin, nínú ìbáṣepọ̀ àwọn ọmọ. Ìgbà eré ni olùkọ́ lè fi ojú ara rẹ̀ rí i. Àwọn tí ó mú owó wá yóò kó ara wọn jọ sí ìdí ìgbá oníàkàrà; àwọn tí kò mú wá yóò ní eré ni àwọn fẹ́ ṣe. Àwọn kan yóò di ìránṣẹ́ ẹgbẹ́ wọn: wọn yóò bá a gbé àpò, wọn yóò bá a kọ iṣẹ́ àṣetiléwá, kí wọ́n lè rí ìṣẹ́kù bísíkíìtì jẹ. Ní ilé-ìwé tí àwọn ọmọ ń gbé, èyí a máa pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí àpótí oúnjẹ ẹnìkan a máa kún, ti ẹlòmíràn a sì ṣófo láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tí àpótí rẹ̀ ṣófo ni yóò máa fọ aṣọ ẹni tí tirẹ̀ kún. Àwọn ọmọ náà a tún máa sọ ara wọn ní orúkọ. Orúkọ tí a fi bàtà tí ó lu sọ ọmọ ní kíláàsì kẹta lè tẹ̀lé e dé ọjọ́ tí yóò fi ilé-ìwé sílẹ̀.

Kí a má sì ṣe rò pé ọmọ tálákà nìkan ni ó ń fara gbá a. Ọmọ ọlọ́rọ̀ kì í mọ ẹni tí ó fẹ́ràn òun àti ẹni tí ó fẹ́ràn bísíkíìtì òun. Bí olùkọ́ bá ń yìn ín ju bí ó ti yẹ, yóò dàgbà láìmọ agbára ara rẹ̀. Bí olùkọ́ mìíràn bá sì ń fi í ṣe ẹlẹ́yà nítorí ọrọ̀ baba rẹ̀, àìṣòdodo ni èyí pẹ̀lú, nítorí òun kọ́ ni ó yan ilé tí a bí i sí.

Ẹ̀karùn-ún, nínú ọ̀ràn owó gan-an. Ẹ̀kọ́ lè jẹ́ ọ̀fẹ́ nínú òfin, kí owó ìdá máà tán. Owó àga wà, owó ìwé ìdánwò wà, owó aṣọ eré ìdárayá wà. Ní ọjọ́ tí a bá dá owó, a ó ka orúkọ àwọn ajẹgbèsè sókè níwájú gbogbo ilé-ìwé, a ó sì lé wọn lọ sílé. Baba tí ó jẹ gbèsè wà ní oko tàbí ní ibi iṣẹ́, kò gbọ́. Ọmọ tí kò jẹ gbèsè kankan ni ó ń ru ìtìjú náà. Òun náà ni yóò pàdánù ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà, tí yóò sì gbẹ́yìn ní ọjọ́ kejì. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ti ibẹ̀ lọ tí kò padà mọ́.

III. ÀWÍJÀRE TÍ ÀWỌN KAN Ń ṢE

Àwọn kan wí pé ìka kò dọ́gba, kí ni olùkọ́ lè ṣe sí i? Òótọ́ ni, ìka kò dọ́gba. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan náà ni gbogbo wọn ti hù, kò sì sí ọlọ́gbọ́n tí ó ń gé èyí tí ó kúrú nínú wọn sọnù. A kò ní kí olùkọ́ sọ tálákà di ọlọ́rọ̀. Ohun tí a ń wí ni pé kí ó má ṣe fi ọwọ́ ara rẹ̀ kún ẹrù tí ọmọ gbé ti ilé wá.

Àwọn mìíràn wí pé ìyà a máa kọ́ ọmọ lọ́gbọ́n, wọn a sì ka orúkọ àwọn ènìyàn ńlá tí ó ti inú òṣì jáde. A bọ̀wọ̀ fún àwọn ènìyàn ńlá náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó la odò kọjá ni ó ń sọ̀tàn. Ẹni tí odò gbé lọ kò sí níbẹ̀ láti sọ tirẹ̀. Ohun tí a sì yẹ kí a rántí nípa Olóyè Awólọ́wọ̀ ni pé nígbà tí agbára dé ọwọ́ rẹ̀, kò ní kí àwọn ọmọ mìíràn lọ jìyà bí òun ti jẹ. Ìlẹ̀kùn ni ó ṣí.

Ìwé Mímọ́ pàápàá kò gbà fún wa. Àpọ́sítélì Jákọ́bù, nínú orí kejì ìwé rẹ̀, bá àwọn ìjọ wí nítorí pé wọ́n ń fi àyè dáradára fún ẹni tí ó wọ aṣọ dídán, wọ́n sì ń ní kí tálákà dúró tàbí kí ó jókòó nílẹ̀. Bí a bá fi kíláàsì sí ipò ìjọ nínú ọ̀rọ̀ náà, a ó rí i pé ọ̀ràn àyè ìjókòó ni àpọ́sítélì náà ń sọ.

IV. OHUN TÍ OLÙKỌ́ LÈ ṢE

Àwọn nǹkan wọ̀nyí kò gba owó lọ́wọ́ olùkọ́, a sì lè bẹ̀rẹ̀ wọn ní ìdánrawò ìkọ́ni tí a óò lọ.

1. Kí a máa pààrọ̀ ìjókòó ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, kí gbogbo ọmọ lè jókòó níwájú, kí ẹni tí ó ní ìwé sì máa jókòó ti ẹni tí kò ní.

2. Kí a béèrè kí a tó jẹni níyà. Bí ọmọ bá ń pẹ́ ní ojoojúmọ́, kí a pè é sí ìkọ̀kọ̀ kí a bi í ní ohun tí ó ń ṣe láti òwúrọ̀. Ìgbà mìíràn, ọ̀rọ̀ díẹ̀ pẹ̀lú ìyá rẹ̀ yóò ṣe ju ẹgba lọ.

3. Kí a fún ọmọ tí ó bá ṣì í ní àyè kan náà láti tún un rò, ìbáà ṣe ọmọ ta ni. Kí a kọ orúkọ àwọn tí a pè lójúmọ́ sínú ìwé fún ọ̀sẹ̀ kan, kí a sì kà á fúnra wa. Ìwé náà yóò sọ òtítọ́ fún wa.

4. Kí iṣẹ́ àṣetiléwá má ṣe jẹ́ èyí tí ó gba owó, tàbí iná tí kò sí nílé ọmọ.

5. Kí a la ọ̀rọ̀ tí ó ta kókó yé ọmọ ní Yorùbá, kí a sì gbà á láyè láti fi Yorùbá dáhùn kí ó tó fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn.

6. Kí a pín iṣẹ́ ilẹ̀ gbígbá àti omi pípọn fún gbogbo ọmọ ní ìdọ́gba. Kí a má ṣe sọ ọmọ tálákà di ọmọ ọ̀dọ̀ olùkọ́.

7. Kí ọ̀rọ̀ gbèsè wà láàrin ilé-ìwé àti òbí. Bí a kò bá lè yí òfin ilé-ìwé padà, a lè dín ohùn wa kù.

8. Kí a má ṣe gba ẹ̀bùn tí yóò di wá lójú. Ẹ̀bùn dára, ìmoore sì ni. Ṣùgbọ́n èyí tí ó bá wọ inú èsì ìdánwò ti di ohun mìíràn.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ó kàn wá ju gbogbo ìyókù lọ. Àwa náà ń gbé pọ̀ nínú ọgbà yìí, ilé wa kò sì dọ́gba. Láàrin wa ni a ti rí ẹni tí àpótí rẹ̀ kì í ṣófo àti ẹni tí ń fi gààrí àti omi sun. Láàrin wa ni a ti rí ẹni tí ń fọ aṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kí ó lè san owó ìdánwò. Bí a bá ń rẹ́rìn-ín aṣọ ara wa ní yàrá ìsùn, bí a bá ń yan ẹgbẹ́ nítorí àpótí oúnjẹ, àwọn ìlànà mẹ́jọ tí a kọ sókè yìí kò ní dé kíláàsì kankan. Ibi tí a bí ẹrú sí náà ni a bí ọmọ sí. Ẹni tí kò bá kọ́ èyí níhìn-ín lọ́dọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní rí i kọ́ níwájú ọmọ 40.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ọlọ́lá ìgbà àtijọ́ má fẹ́ fi àrólé sí ilé-ìwé, kí ni ó sì yí ọkàn wọn padà?

2. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún 1955 ṣí ìlẹ̀kùn. Àwọn ohun wo ni ó ṣì ń dí ọmọ tálákà lọ́nà lẹ́yìn tí ó ti wọlé?

3. Wo òfin mẹ́ta ní ilé-ìwé kan tí o mọ̀. Ta ni ẹrù òfin kọ̀ọ̀kan ń wúwo fún jù?

4. Olùkọ́ kan wí pé, “Èmi kì í wo ojú ẹnikẹ́ni, bákan náà ni mo ń ṣe sí gbogbo ọmọ.” Ǹjẹ́ ṣíṣe bákan náà sí ẹni tí ó jẹun àti ẹni tí kò jẹun tó láti jẹ́ òdodo? Sọ ìdí tí o fi rí i bẹ́ẹ̀.

5. Nínú ìlànà mẹ́jọ tí ó wà lókè, èwo ni yóò ṣòro fún ọ jù, kí ni ìwọ yóò sì ṣe nípa rẹ̀ kí sáà yìí tó parí?